Àkàrà Ìlú Salvador: Ta Ló Mọ̀ Ọ́n Dín Jù?

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà yóò rí abuké erin. Èmi náà rìn jìnnà díẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo lò ní ìlú Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ní ọdún 2023, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù lọ níbẹ̀ ni pé àkàrà ni ìlú náà fi ń yangàn. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n fi wúrà bò nínú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe etí òkun wọn. Àkàrà ni! Àkàrà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa máa ń sáré tì bọ àpò bí ó bá rí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, n kò mú gègé láti pa yín lẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ti ń jiyàn lé lórí nínú ẹgbẹ́ wa yìí láti ìgbà tí mo ti dé. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n ń tà ní Bahia kì í ṣe àkàrà mọ́, pé wọ́n ti fi ilá àti àgbọn bà á jẹ́. Àwọn mìíràn ní kí tilẹ̀ ni àkàrà jámọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń torí rẹ̀ pariwo. Apá méjèèjì ni mo fẹ́ dá lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ìdí agbada, nítorí ẹni tí kò tọ́ ọbẹ̀ wò kò lè sọ pé iyọ̀ kò tó.

Acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà olójú dúdú, irú èyí tí àwa náà ń sè, ni wọ́n ń rẹ sómi, tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ̀. Láyé àtijọ́ orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é báyìí. Àlùbọ́sà àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, wọn kì í fi ata sínú rẹ̀ rárá. Obìnrin náà á wá fi ṣíbí onígi lù ú, á lù ú, títí tí yóò fi wú tí yóò sì fúyẹ́. Epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê ni wọ́n fi ń dín in, epo náà a sì máa kún agbada dáadáa. Odidi àlùbọ́sà kan a máa wà nínú rẹ̀ kí epo má baà jó. Títí dé ibi tí mo sọ yìí, kò sí ìyá alákàrà kan ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta tí yóò ní òun kò mọ ohun tí à ń ṣe.

Ibi tí ọ̀nà ti yà nìyí. Àkàrà tiwọn tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Bí ó bá ti jinná, wọ́n á fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀ bí ẹni la búrẹ́dì, wọ́n á sì há nǹkan sí i nínú. Àkọ́kọ́ ni vatapá, ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì rírẹ, ẹ̀pà, kajú, atalẹ̀, edé, omi àgbọn àti epo pupa sè. Lẹ́yìn náà ni caruru, ilá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi edé àti epo sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Edé gbígbẹ á tún tẹ̀lé e, àti tòmátì gígé, kí ata tó wá dé kẹ́yìn. Ohun tí òyìnbó ń pè ní sáńwíìṣì gan-an ni, àfi pé kò sí búrẹ́dì níbẹ̀. Àkàrà fúnra rẹ̀ ni búrẹ́dì. Àwọn baba wa tó túmọ̀ Bíbélì pe búrẹ́dì tí kò ní ìwúkàrà ní àkàrà aláìwú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rò ó pé àkàrà ẹlẹ́wà ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbé jáde ní Íjíbítì. Ní Salvador, ọ̀rọ̀ náà kò pani lẹ́rìn-ín mọ́.

Bí o bá dúró níwájú àtẹ, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé, ṣé gbígbóná ni o fẹ́ tàbí tútù? Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ti kì mí nílọ̀ pé kì í ṣe iná ni wọ́n ń béèrè. Gbígbóná ni èyí tó ní ata, tútù ni èyí tí kò ní. Mo ní kí wọ́n fún mi ní gbígbóná, kí wọ́n má ṣe ṣahun ata náà. Obìnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, 'Ọmọ Áfíríkà ni ọ́.' Kò tíì gbọ́ ohùn mi tó gbólóhùn méjì.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí orí ìdíwọ̀n. Ní Salvador, bí o bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ń mu ọtí, ṣáà bi wọ́n pé àkàrà ta ló dára jù. Wọn a máa jiyàn lé e lórí bí àwọn ará Ìbàdàn ti ń jiyàn lórí àmàlà. Àdúgbò Rio Vermelho ni ìjà náà ti gbóná jù. Etí òkun ni àdúgbò yìí wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa ń gbé òdòdó àti ẹ̀bùn lọ fún Yemọja ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún. Orúkọ obìnrin mẹ́ta ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn níbẹ̀: Dinha àti Regina ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Largo de Santana, Cira ní Largo da Mariquita tí kò jìnnà síbẹ̀. Dinha papò dà ní ọdún 2008. Cira tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, oṣù tí wọ́n máa ń ṣe ọdún Ọya lọ́hùn-ún lábẹ́ orúkọ Bàbárà Mímọ́. Ṣùgbọ́n agbada wọn kò tutù. Àwọn ará ilé wọn ló ń bá iṣẹ́ lọ, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà lára àtẹ náà nígbà tí mo débẹ̀.

Ìlànà tí mo tẹ̀ lé nìyí. Níbi kọ̀ọ̀kan, méjì ni mo máa ń rà: ọ̀kan lófìfo, ọ̀kan tí wọ́n há nǹkan sí. Àwọn tó ń tà á kò fẹ́ràn èyí, ṣùgbọ́n ohun tí ó tọ́ ni. Ọbẹ̀ a máa bo àṣírí. Ẹni tí kò lu ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa lè fi vatapá bò ó mọ́lẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀dà kun ògiri tó ti là. Bí àkàrà kò bá ti lè dá dúró lẹ́nu, gbogbo ohun tí a bá há sí i kò ju ìwọ̀sí lọ.

Ní ìdí Dinha, ara àkàrà náà gbó, ó ń dún lábẹ́ eyín, vatapá rẹ̀ sì ní atalẹ̀ tó ń ta ni ní ọ̀fun díẹ̀díẹ̀. Ó wù mí púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí a há sínú àkàrà nìkan ni à ń díwọ̀n, ibẹ̀ ni n ó ti fi àbọ̀ sí. Ní ìdí Regina, abará ló gbà mí lọ́kàn ju acarajé lọ. Ẹ̀wà lílọ̀ kan náà ni abará, wọ́n kàn fi epo pò ó ni, wọ́n pọ́n ọn sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì sè é. Àwọn tó ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ nílé yóò mọ̀ ọ́n láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n àkàrà òfìfo ti ìdí Cira ni mo fún ní ipò kìíní nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí òwú, epo kò sì ṣàn sí mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fọ́ ọ. Ẹni tó po ẹ̀wà yẹn kò fi ọ̀lẹ ṣe é.

Ilé oúnjẹ kan wà ní òkè ìlú àtijọ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé inú abọ́ tán-ńganran ni wọ́n ti gbé àkàrà fún mi, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ. Wọ́n ti dín in láàárọ̀, wọ́n tún un dín lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n o, bí ẹ bá fẹ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn olókìkí yìí tí ó dín àkàrà tó dùn mọ́ mi jù. Ní àdúgbò Federação, níbi tí ilé òrìṣà pọ̀ sí, ìyá kan wà tó máa ń gbé àtẹ rẹ̀ sí ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde. Aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ́rùn, gèlè funfun lórí, ìlẹ̀kẹ̀ Ọya lọ́rùn rẹ̀. Bí epo rẹ̀ bá ti gbóná, àkàrà kéékèèké díẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dín, ti Èṣù nìyẹn. Kò sí iye tí o fẹ́ san tí yóò fi tà á fún ọ. Àkàrà rẹ̀ kéré ju ti Rio Vermelho lọ, ó sún mọ́ tiwa. Mo jẹ́ oníbàárà rẹ̀ títí mo fi kúrò.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, 'Ọmọ mi, níbi tí o ti wá, ta ló ń dín in?'

Mo ní, 'Ìyá, àwọn ìyá wa ni.'

Ó ní, 'Ìjọba ńkọ́? Ṣé ó kọ orúkọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé?'

Mo ní rárá. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn fi ọ̀kan kún èyí tí mo rà.

Kí n tó dé orí ìbéèrè ìyá yìí, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ní kì í ṣe àkàrà lóhùn. Àkọ́kọ́, àkàrà tí wọ́n ń gbé fún Ọya nínú ilé òrìṣà kò ní vatapá, kò sì ní caruru. Lófìfo ni. Ìgboro ni wọ́n ti ń há nǹkan sí i, nítorí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń wá ohun tí yóò yó òun. Èkejì, olùkọ́ èdè Gíríìkì kan tó ń jẹ́ Luís dos Santos Vilhena ti dárúkọ acarajé àti abará nínú àwọn lẹ́tà tó kọ nípa ìlú Salvador, tí ó kó jọ ní ọdún 1802. Kì í ṣe láti yìn ín ló fi kọ ọ́ o. Ó ń bínú pé ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ń rán ẹrú jáde láti máa kiri oúnjẹ ní ìgboro. Àwọn obìnrin wọ̀nyí a máa jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni wọ́n, wọn a sì máa tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́ kù. Owó àkàrà wà lára ohun tí àwọn kan nínú wọn fi ra ara wọn padà, kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní Bùràsíìlì ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún ọdún 1888. Ṣé ẹni tó fi àkàrà ra òmìnira ni ẹni tó ń fi í jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀ yóò wá kọ́ ní ohun tí àkàrà jẹ́?

Ẹ̀kẹta, àwa náà ńkọ́? Àkàrà Èkó kò rí bí ti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn kan ń fi ata rodo lọ̀ ọ́, àwọn kan kò fi sí i. Òróró ni ọ̀pọ̀ ń lò lónìí dípò epo pupa tí Bahia kò fi sílẹ̀. Mo sì mọ ẹnìkan nínú àwọn tó ń bá mi jiyàn yìí, akọ̀wé ẹgbẹ́ ni, tí kì í jẹ àkàrà àfi bí ó bá wà nínú búrẹ́dì Agége. Ẹni tó ti àkàrà bọ inú búrẹ́dì ń bú ẹni tó ti ilá bọ inú àkàrà!

Ibì kan wà tí n kò gbà fún àwọn ará Bahia. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn, wọ́n kọ ọ́ pé acará túmọ̀ sí ọta iná, pé jé sì túmọ̀ sí jíjẹ, nítorí náà acarajé ni 'jíjẹ iná.' Mo mọ ibi tó ti wá: nínú ilé òrìṣà wọn, wọ́n ń pe òwú tí wọ́n fi epo rẹ, tí wọ́n tanná sí, ní àkàrà pẹ̀lú, ó sì bá ìtàn Ṣàngó àti Ọya mu. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ló kọ́kọ́ ni orúkọ náà. Àkàrà ni àkàrà, jẹ sì ni jẹ. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ọmọ kékeré ti ń polówó ọjà láàárọ̀ ní ilẹ̀ wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni dáná sí ọ̀rọ̀ náà fún un. Mo sọ èyí fún wọn, wọ́n sì gbọ́, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Iná dùn ún sọ ju ẹ̀wà lọ.

Ó wá ku ìbéèrè ìyá Federação. Ní ọdún 2002, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin alákàrà tí wọ́n ń pè ní ABAM, ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, àti ibùdó ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Bahia, CEAO, jọ kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń mójú tó àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn, IPHAN. Ní ọdún 2005, wọ́n kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin náà sínú Ìwé Ìmọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀, iṣẹ́ ni, àti àwọn tó ń ṣe é: aṣọ wọn, àtẹ wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń po ẹ̀wà. Kì í ṣe ìwé lásán ló já sí. Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ń bọ̀, tí òfin FIFA fẹ́ lé àwọn tó ń tajà kúrò ní àyíká pápá ìṣeré Fonte Nova, àwọn alákàrà dìde ní ọdún 2013, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì gba àyè fún díẹ̀ nínú wọn láti tà níbẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ọdún 2005 yẹn, kí ni wọn ì bá nà sí FIFA lójú?

Ìjà mìíràn tún wà láàárín àwọn fúnra wọn. Àwọn alákàrà kan tó ti di onígbàgbọ́ ti bọ́ aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń pe ọjà wọn ní 'àkàrà Jésù.' N kò bá wọn jà nítorí pé wọ́n yí ẹ̀sìn padà. Èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tálákà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọmọ wọn gbọ́dọ̀ jẹun. Kí wọ́n máa tà á. Ṣùgbọ́n láti gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó pa á mọ́ láti ìgbà oko ẹrú, kí a sì tún sọ ọ́ lórúkọ mìíràn bí ẹni pé a bá a lójú ọ̀nà ni, èyí kò tọ́ lójú tèmi. Nílé wa níbí, Mùsùlùmí ń dín àkàrà, Kìrìsìtẹ́nì ń dín in, oníṣẹ̀ṣe ń dín in, bí arúgbó bá sì kú, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń jẹ àkàrà òkú láì béèrè ẹni tó po ẹ̀wà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀ báyìí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ fún àgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá yìí tí ó lé àwọn ìyá alákàrà kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, pé wọ́n ń ba ojú ilẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ní Bahia, yunifásítì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni olùkọ́ èdè Yorùbá ti lọ bá wọn: CEAO ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayé ní ọdún 1959 nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Lasebikan lọ kọ́ wọn ní èdè wa. A kọ́ wọn lédè, wọ́n fi í ṣọ́ àkàrà. Àwa tí a ni èdè ńkọ́? A ti kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá lórí oríkì, lórí Ifá, lórí ẹkún ìyàwó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Mo wá gbogbo àká ìwé ẹ̀ka wa, n kò rí ẹyọ kan lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn alákàrà ń lò nídìí iṣẹ́ wọn: ohun tí wọ́n ń pe ẹ̀wà tí kò gba omi, ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ pé epo ti tó, orúkọ àkàrà líle àti àkàrà rírọ̀. Ẹnu àwọn ìyá wọ̀nyí nìkan ni àwọn ọ̀rọ̀ náà wà, àwọn ọmọ wọn obìnrin sì ti ń lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sẹ̀ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ń bọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, a ó pe onílù, a ó pe ọba kan, a ó sì ra àkàrà fún àlejò. Àbá tèmi ni pé kí á pe ẹni tó ń dín in, kí ó jókòó lórí pèpéle, kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta dúró tì í pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láti ìgbà tí ó bá ti rẹ ẹ̀wà títí dé ìgbà tí yóò yọ èyí tó kẹ́yìn nínú epo. Mo ti bá ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́yìn ilé-ìgbé àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, ó ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n òun kò ní pàdánù ọjà ọjọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ ìwé: kí ẹgbẹ́ san owó kóńgò ẹ̀wà mẹ́rin àti epo, kí a sì wá ẹni tí yóò bá òun bó èèpo. Èmi ti gbà láti bó èèpo. Owó ẹ̀wà ni mo ń dúró dè lọ́dọ̀ akápò.